Ọmọ ń dúró de dádì l'Ajah: eré wo ni kí wọ́n jọ ta?

Ẹni tó bá ń gbé Ajah, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, mọ ohun tí ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ máa ń fojú èèyàn rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni bàbá ti jáde, nígbà tí yóò bá sì fi padà já sí Badore lálẹ́, aago mẹ́jọ ti kọjá. Ọmọ tó ti ń yọjú lójú fèrèsé láti ìrọ̀lẹ́ kò béèrè bisikíìtì. "Dádì, ẹ jẹ́ ká ṣeré" ló ń wí. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù kó lọ sùn, ìyẹn nìkan sì ni bàbá àtọmọ ní lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣereṣere o.

Bàbá kan tó wà nírú ipò yìí ní Badore lọ ra Monopoly ìlú Èkó, èyí tó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2012, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú ẹ̀ fún ìlú kan nílẹ̀ Áfíríkà. Eré tó dáa ni, kò sírọ́ níbẹ̀. Banana Island ló wọ́n jù lórí ẹ̀, Makoko ló rẹlẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ni wọ́n ṣe é fún, tiẹ̀ sì jẹ́ ọdún márùn-ún àti méje. Kí wọ́n tó pín owó tán, àbúrò ti ń tòògbé. Ẹ̀gbọ́n ra Banana Island, ó kọ́lé síbẹ̀, ló bá ń gba owó ilé lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ bí ògbólógbòó láńlọ́ọ̀dù. Ó wá bi í pé, "Dádì, ilé tá à ń gbé yìí ńkọ́, àwa la ni ín?" Bàbá tí kò tí ì rí owó ilé ọdún tó ń bọ̀ san kò mọ èsì tó máa fọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá, wọn ò parí ẹ̀, ẹkún ni wọ́n fi ká pátákó nílẹ̀.

Lúdò ló wá rà lọ́jà Ajah lẹ́yìn náà. Pachisi, eré àwọn ará Íńdíà, ni àwọn ará England tún tò, tí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1896, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún ará Èkó pé lúdò kì í ṣe tiẹ̀? Ọmọ tó bá ti lè ka ení dé ẹẹ́fà á ta á. Dáìsì ló sì ń dájọ́, torí náà ọmọ ọdún márùn-ún lè na bàbá tó kàwé gboyè láìjẹ́ pé bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún un. Àwọn ọmọdé òde òní kò gọ̀, wọ́n máa ń mọ̀ bí àgbà bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n borí, adùn ibẹ̀ á sì tán. Ti àwọn bàbá kan tún yàtọ̀: wọ́n á na ọmọ ọdún mẹ́fà ní dráàfù lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n á tún máa fọ́nnu. Ìfọ́nnu lórí kí ni? Ẹ yọ mẹ́rin kúrò nínú ọmọ dráàfù tiyín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìjà náà lè dọ́gba.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ pátákó lúdò, eré ejò àti àkàbà ló wà níbẹ̀. Ìyẹn tún rọrùn jù, ó sì ń kọ́ ọmọ láti ka nọ́ńbà dé 100. Ti orí fóònù ńkọ́? Fóònù ló ń ka dáìsì, fóònù ló ń sún ọmọ, kí lọmọ fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀?

Àwọn kan á ní chess ni ọmọ olówó ń ta. Ẹ má dá wọn lóhùn. Makoko tí Monopoly fi sí ìsàlẹ̀ yẹn wà lára ibi tí Tunde Onakoya àti Chess in Slums Africa, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 2018, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní chess. Òun náà ló fi wákàtí 60 ta á ní Times Square, New York, lóṣù Kẹrin ọdún 2024, láti kówó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Àmọ́ chess ń fẹ́ sùúrù, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Sátidé.

Èyí tó ń dunni ni ayò. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú ọmọ Lekki míì, á ní ṣé wọ́n ń kó ẹyin sí i ni. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni gbogbo ẹ̀: ilé méjìlá, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sílé ẹnìkejì, tó sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ta á rí nǹkan bá bàbá àgbà tó wá kí wọn láti Ẹ̀pẹ́ ṣe, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀ta àti òpè nídìí ọpọ́n.

Ẹni tí kò bá rí ọpọ́n rà, kó mú kíréètì ẹyin, kó gé ìlà méjì tó ní ihò mẹ́fà mẹ́fà lára ẹ̀, kó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílé, orí tábìlì ni kí wọ́n gbé e sí o, torí ẹnu ni irú wọn ń kó gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ sí, àti òkúta àti dáìsì lúdò. Bí NEPA bá sì mú iná lọ láàárín eré, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ ka òkúta náà kẹ́ ẹ tó sùn. 48 ló gbọ́dọ̀ pé.