Ìpàdé àwọn olùlo Linux ní agbègbè Atakpamé

Linux ni ọkàn ètò kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, gbé jáde ní 1991, tí ẹnikẹ́ni lè lò, tún ṣe, kí ó sì pín fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Togo, WoeLab, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní Lomé ní 2012 ti fi hàn ohun tí ìmọ̀ àjùmọ̀ní lè ṣe: níbẹ̀ ni Afate Gnikou ti fi pàǹtí ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tí a ń pè ní W.Afate.

Atakpamé, ìlú àwọn Ifẹ̀ tó bá Yorùbá tan, wà ní nǹkan bí kìlómítà 160 sí àríwá Lomé. Ìpàdé tí a ó ti ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti fi Linux sínú kọ̀ǹpútà wọn níbẹ̀ gba ètò ṣáájú. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà ló dára jù, ní ibi tí iná wà. Fáìlì Ubuntu tuntun, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ju 5GB lọ, nítorí náà ó yẹ kí ẹnì kan gbà á sílẹ̀ láti Lomé, kí ó fi àṣẹ sha256sum yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò bàjẹ́, kí ó sì dà á sórí fláàṣì púpọ̀. Lubuntu, ẹ̀yà Ubuntu tó fúyẹ́, ló yẹ kọ̀ǹpútà ògbólógbòó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni fífi ẹ̀dà ìwé àti àwòrán ẹni tó ni kọ̀ǹpútà pamọ́. Lẹ́yìn náà, a ó dán Linux wò láti orí fláàṣì, láti mọ̀ bóyá Wi-Fi àti ohùn ń ṣiṣẹ́, kí a tó fi í sínú ẹ̀rọ pátápátá. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni kó máa tẹ bọ́tìnnì, kí olùrànlọ́wọ́ máa ṣàlàyé ní èdè Ifẹ̀ tàbí Faransé. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè kọ́ aládùúgbò rẹ̀.