Wàláà Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń rò pé ohun tí a fi owó rà nìkan ni ó ní iyì. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ rí, títí di ọjọ́ tí a fi páálí àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ṣe wàláà Òfin Mẹ́wàá nínú ilé wa.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ni ó fẹ́ ṣe eré Mósè, ọmọkùnrin wa àgbà ni wọ́n sì mú pé kí ó ṣe Mósè. Ní àkókò náà, inú ọmọ yìí kò dùn. Ó ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kò yege, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí a bá ti jẹun tán, yàrá rẹ̀ ni yóò wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí a jọ wo sinimá The Ten Commandments, èyí tí Cecil B. DeMille ṣe ní ọdún 1956, tí Charlton Heston sì ṣe Mósè nínú rẹ̀, ọmọ náà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ó rí wàláà pẹ̀lú lẹ́tà ayé àtijọ́ tí wọ́n fín sí i lára, ó ní, "Dádì, Mọ́mì, irú èyí gan-an ni kí a ṣe."

Bí a ṣe ṣe é nìyí. A rẹ ìwé ìròyìn sínú omi mọ́jú, a gún un nínú odó tí a kò lò mọ́, a sì fún omi rẹ̀ dànù. A se ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ kí ó ki, a pò ó mọ́ ìwé náà pẹ̀lú iyanrìn díẹ̀, kí ara rẹ̀ má baà dán. A tẹ́ ẹ sórí páálí tí a lẹ̀ pọ̀ ní ìpele mẹ́ta. Nígbà tí ó ṣì tutù, ìdí ṣíbí ni ọmọ náà fi tẹ lẹ́tà sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ pupa tí a jọ̀, tí a pò mọ́ ọ̀dà funfun, ni a fẹ́ fi kùn ún.

A gbé e sínú oòrùn. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a wà nínú ìsìn, òjò dé. Kí a tó délé, wàláà méjèèjì ti wú, wọ́n sì ti sán. Ọmọ náà wò wọ́n, ó ní, "Gbogbo ohun tí mo bá ti fọwọ́ kàn ni ó ń bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá dé ọkàn, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe páálí ni ó ń sọ.

A bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni Mósè gbé wàláà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè?" Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀méjì." Bẹ́ẹ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ fọ́, Olúwa sì ní kí ó gbẹ́ méjì mìíràn bí ti àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Ékísódù 34. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Inú ilé ni àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ti gbẹ, lábẹ́ fáànù, fún ọjọ́ márùn-ún. Ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìṣòro kan ni ó kù: wọ́n fúyẹ́ jù. Ọmọ náà bá ń gbé búlọ́ọ̀kù kiri àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́, kí apá rẹ̀ lè mọ bí òkúta ṣe ń wúwo.

Ní ọjọ́ eré, àwọn tí òjò bà jẹ́ ni Mósè là mọ́lẹ̀ nítorí ère ọmọ màlúù. Wọ́n ti sán tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n fọ́ dáadáa, gbogbo ìjọ sì pariwo. Nígbà tí ó gbé àwọn titun sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ wa pé níbo ni a ti rí irú òkúta bẹ́ẹ̀. Inú wa dùn ju ẹni tí ó fi owó ra òkúta gidi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọmọ náà lọ gba fọ́ọ̀mù ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kejì. A kò rán an.

Ẹ̀yin òbí, nínú Ékísódù 31, Ọlọ́run fi ẹ̀mí rẹ̀ kún Bẹ́sálẹ́lì fún iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú kéré páálí tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé yín. Ẹ pe àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ ki ọwọ́ bọ ṣítáàṣì. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ tí ó ti dákẹ́ yóò ti la ẹnu rẹ̀. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa gbogbo. Àmín.