Nígbà Tí Dáṣíbọ́ọ̀dù Bá Ṣókùnkùn Lọ́sàn-án

Ọ̀rọ̀ owó orí àti ìwé ìgbélùú ni ẹ sábà máa ń bá lẹ́nu mi nínú ìwé ìròyìn wa yìí, nítorí iṣẹ́ oníṣirò owó ni mo kọ́ ní yunifásítì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú náà ni awakọ̀ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ àti àwọn tí ó gbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú títì nìkan ni ó yẹ kó máa wò. Ó yẹ kó lè rí bí eré tí ó ń sá ti pọ̀ tó, epo tí ó kù, àti bóyá ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná jù. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni gbogbo èyí wà. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù kò bá ṣeé kà, ìdajì ojú awakọ̀ ti fọ́ nìyẹn.

Àwa tí a ń gbé Torino, ìlú mọ́tò ni a wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Fiat sílẹ̀ ní 1899, ibẹ̀ náà ni Lancia ti bẹ̀rẹ̀ ní 1906. Ilé iṣẹ́ Lingotto tí wọ́n ṣí ní 1923, orí òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá mọ́tò tuntun wò. Síbẹ̀, bí ẹni tí ń ṣe mọ́tò ti gbọ́n tó, kò lè mọ òfin tí ìjọba yóò ṣe lọ́la.

Ní 2002, ìjọba Ítálì pàṣẹ pé kí mọ́tò máa tan iná iwájú lọ́sàn-án lórí autostrada. Nígbà tó di 2003, wọ́n fẹ òfin náà dé gbogbo ọ̀nà tí ó wà ní ìta ìlú. Ìdí rẹ̀ dára, torí mọ́tò tí iná rẹ̀ ń tàn máa ń tètè hàn sí ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè. Sweden ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1977. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mọ́tò kan, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣe wọ́n ti so iná dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́ iná iwájú. Èrò wọn ni pé bí awakọ̀ bá ti tan iná iwájú, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn, kí iná inú mọ́tò yáa rẹlẹ̀ kó má baà máa tàn sí i lójú. Ó dára lóru. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn wọ inú gíláàsì, ńṣe ni nọ́ńbà máa pòórá.

Mọ́tò tí ó ń lo ọwọ́ bíi ti aago, tí wọ́n kọ nọ́ńbà funfun sórí dúdú, kò ní ìṣòro yìí púpọ̀; ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó láti kà á. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ iná ni ọ̀rọ̀ kàn. Irú rẹ̀ ni tèmi, ọkọ̀ ọdún 2001, tí wọn ì bá pè ní tòkunbọ̀ ká ní ó dé Èkó.

Mo ti lé ní 50 ọdún. Òfin ibí pàápàá mọ ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe: kí ènìyàn tó pé 50, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni à ń tún patente ṣe, láti 50 sí 70, ó di ọdún márùn-ún-márùn-ún. Dókítà ní ojú mi dára fún ọkọ̀ wíwà, kí n ṣáà máa lo awò. Pẹ̀lú awò náà, n ò rí nọ́ńbà kankan. Láti Torino dé Padova lórí A4 sì ju 300 kìlómítà lọ. Ọmọbìnrin mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo máa ń bi pé, "Èló ni mò ń sá báyìí?" Á fi ọwọ́ ṣíji bo dáṣíbọ́ọ̀dù, á ní, "Dádì, ẹ ti ń lọ sí 120 o." Ọmọ kì í ṣe ohun èlò mọ́tò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sùn, tàbí kó máa wo oko àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà.

Àbúrò wa kan wà ní Padova tó kọ́ṣẹ́ rẹwáyà ní Ìbàdàn, tó ń bá elettrauto kan ṣiṣẹ́ báyìí. Òun ni mo gbé mọ́tò lọ bá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tí kò ní ná yín lówó." Ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré tí a fi ń dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù dé òkè pátápátá. Ó sàn díẹ̀, kò tó. Ló bá yọ orí bátìrì, ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wá wáyà tí ń sọ fún nọ́ńbà pé iná iwájú ti tàn. Kò gé e dànù. Súwíìṣì kékeré ló fi sí àárín rẹ̀. Lọ́sàn-án mo pa á, nọ́ńbà sì ń tàn kedere. Lálẹ́ mo tàn án padà, nọ́ńbà á rẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50 euro. Oníṣirò ni mí, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Point 20 ni wọ́n fún awakọ̀ lórí patente. Ẹni tó bá fi ju kìlómítà 10 lọ kọjá òfin eré, tí kò ju 40 lọ, point 3 ló lọ yẹn, yàtọ̀ sí owó ìtanràn. Èrè wà nínú 50 euro náà.

Àwọn ìkìlọ̀ kan wà tó bá mi sọ. Ẹ má fi gílóòbù tó lágbára jù sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Yóò gbóná, yóò yọ́ rọ́bà. LED kì í gbóná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ojú àti ẹ̀yìn: bí kò bá tàn, ẹ yí i padà. Ẹ má fi LED rọ́pò iná bátìrì pupa láìbèèrè, nítorí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, iná tó gba inú gílóòbù yẹn kọjá ló ń jí ohun tí ń chájì bátìrì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iye kìlómítà tí mọ́tò ti rìn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ bi ẹni tó mọ òfin, kí revisione má baà di ìjà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìkùukùu. Láti 2011, mọ́tò oríṣi tuntun ní Yúróòpù ní iná ọ̀sán tí ń tàn fúnra rẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù wọn máa ń mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo, awakọ̀ á sì rò pé gbogbo iná ló ń tàn, bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, iná ẹ̀yìn kò tàn rárá. Nínú ìkùukùu tó máa ń bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po nígbà òtútù, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí yín títí yóò fi dé ìdí yín. Ẹni tó bá sì fi súwíìṣì bíi tèmi sí i, dáṣíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ náà kò ní sọ fún un mọ́ bóyá iná iwájú ń tàn. Àmì aláwọ̀ ewé tó dà bí fìtílà ni kí ẹ máa wò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́ àmì yẹn, kí ẹ máa bi Dádì àti Mọ́mì kí wọ́n tó ṣí mọ́tò ní òwúrọ̀ òtútù. Kì í ṣe àrífín.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A ó máa lọ ire, a ó máa bọ̀ ire. Àmín.