Wọ́n ní mo fẹ́ di ọmọge nítorí wáyà tó wà lẹ́nu mi: ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́

Àwọn àgbà ló sọ pé adìyẹ ń jẹ ọkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì ni? Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ò gbé irin mì o, ṣùgbọ́n irin ló wà lẹ́nu mi tọ̀sán-tòru. Wáyà eyín ni mò ń wí, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní bíréèsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti so ó fún mi, bí mo bá dé Lawanson, wọ́n á bi mí, bí mo bá dé ìsọ̀ mi ní Tẹ̀júoṣó, wọ́n á tún bi mí: "Àǹtí, ṣé kì í dùn yín ni?" Ó ń dùn mí o, mi ò ní í purọ́. Ìdí tí mo sì ṣe ní kí n sọ ọ́ síta ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń so ó báyìí, owó ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bèèrè, wọn kì í bèèrè bí wọ́n ṣe máa jẹun.

Ẹ má rò pé fáàrí ni mò ń ṣe. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún kì í ṣe ọmọge mọ́. Eyín òkè mi ló yọ síta jù, ètè mi kì í pàdé dáadáa. Lọ́jọ́ kan ni dẹ́rẹ́bà dáńfó kan ṣàdédé tẹ bíréèkì ní Ojúẹlẹ́gbà, ni ẹnu mi bá lọ gbá irin àga iwájú, bí eyín kan ṣe sán nìyẹn. Dókítà eyín ní eyín tó bá yọ síta báyẹn ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá tí nǹkan bá kọlu èèyàn lẹ́nu, pé tí mi ò bá wá nǹkan ṣe sí i, àwọn tó kù náà lè sán.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Mushin ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti màmá la jọ ní èjí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹwà ni èjí jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Bí màmá ṣe gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi wáyà to eyín mi, wọ́n fárí gá. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èjí tí Ọlọ́run fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí bàbá ẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ mi, òun lo fẹ́ lọ fowó dí?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo padà lọ bá dókítà, mo ní kí wọ́n bá mi fi èjí mi sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ṣeé ṣe, pé kéèyàn ṣáà ti sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì mi. Ẹni tó bá fẹ́ràn èjí ẹ̀, kó yáa tètè sọ.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fi irin to eyín. Dókítà ará Faransé kan, Pierre Fauchard, ti kọ nípa ẹ̀ sínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1728. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wáyà yẹn ń ti eyín díẹ̀díẹ̀. Egungun tó wà níwájú ibi tí eyín ń lọ á máa yọ́, òmíràn á máa hù sẹ́yìn ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gba ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrora ẹ̀ kì í ṣe ojoojúmọ́. Tí wọ́n bá fún wáyà náà lónìí, á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọjọ́ kejì ló máa ń le jù, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, á ti rọlẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ni wọ́n ní kí n máa lò, méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Omi tútù náà ń ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Tí gósúlóò bá dá wa dúró, mo máa ń ra omi inú ọ̀rá tó tutù, màá mu ún, màá fi í sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ní irú wáyà tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ so yìí, tí òtútù bá kàn án, ṣe ló máa ń rọ̀.

Tí irin bá wá ń họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Wọ́n máa ń fúnni ní ìda funfun kan. Ẹ fọwọ́ rọ díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ nu irin náà gbẹ, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ bu iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì sínú kọ́ọ̀pù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ má fi bíléèdì gé wáyà fúnra yín o.

Ní ti oúnjẹ, mo ti dágbére fún ẹ̀pà, gúgúrú, kókóró, egungun àti ìrèké. Tó bá jẹ́ àgbàdo, mo máa ń fọwọ́ rẹ́ ẹ kúrò lára ṣùkù ni. Àmàlà àti ewédú, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà Àgànyìn, ẹ̀kọ, ìwọ̀nyí ni ọ̀rẹ́ mi báyìí. Pákò tí mo fẹ́ràn náà, mo gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe pé pákò burú, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1987, ṣùgbọ́n igi líle lè ṣí irin kúrò lára eyín. Búrọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò lẹ́yìn oúnjẹ, torí tí oúnjẹ bá há sábẹ́ wáyà, ó lè ba eyín jẹ́.

Nínú oṣù kejì, ó sú mi pátápátá. Oníbàárà ń ná léèsì, mi ò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Mo fi ìpè ránṣẹ́ sí màmá pé mo fẹ́ lọ tú u. Mo rò pé wọ́n á dunnú ni. Ṣe ni wọ́n wọ mọ́tò láti Mushin, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá jìyà tó kún agbọ̀n, kò lè jẹ oore tó kún ahá. O ti sọ fún wọn nípa èjí, àbí? Ó yá, jẹun." Mi ò tú u mọ́.

Ìmọ̀ràn mi kan rèé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ so ó. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń so wáyà fáàrí nínú ṣọ́ọ̀bù onírun. Eyín tí wọ́n bá tì síbi tí kò yẹ lè mì títí á fi yọ. Dókítà eyín tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ MDCN ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà níbí. Kẹ́ ẹ sì rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú wáyà, iṣẹ́ ò tíì tán: wọ́n á tún fún yín ní èyí tẹ́ ẹ máa máa fi dá eyín dúró, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, ọ̀nà ilé ẹ̀ àtijọ́ ló máa gbà lọ.