Ẹ̀sọ̀ La Fi Ń Jáde Nínú Ẹrẹ̀

Nígbà tí wọ́n kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí à ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwa ọmọ ìyá mẹ́rin pàdé lórí WhatsApp, a ṣírò epo tí ọkọ̀ Màmá ń mu láti Èsìẹ́ dé Ìlọrin níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ìṣirò náà ò dùn ún rí. A dáwó, a ra hybrid tòkunbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Hybrid ní ẹ́ńjìnnì epo, ó tún ní ẹ̀rọ iná tó ń fi bátìrì ńlá ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná yẹn á sọ eré tí ọkọ̀ ń sá di iná, á dá a padà sínú bátìrì. Ẹ ò ní wá iná NEPA kẹ́ ẹ tó rìn. Owó epo wa wálẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ náà kì í sì í dún tó bá ń rọra lọ, làwọn ọmọ àdúgbò bá sọ ọ́ ní "Ọkọ̀ Iwin".

Òjò oṣù Kẹsàn-án ló jẹ́ kójú wa rí màbo. Èsìẹ́ tí ayé mọ̀ ni Èsìẹ́ tó ní ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, tó ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀nà ilé wa ò sí lára ohun tí àlejò ń wá wò. Ilẹ̀ pupa ni, tí òjò bá ti mu ún yó, á máa yọ̀ bí ilá. Àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá ní láti rí dókítà, méjì nínú wa wà nílé. A ò tíì dé títì tó lọ sí Òrò tí táyà iwájú fi rì.

A tẹ ọkọ̀. Táyà yí díẹ̀, ó dúró. A tún tẹ̀ ẹ́, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú wa, táyà ò yí mọ́ rárá. Ọkọ̀ ò bàjẹ́, kò sì lọ. Màmá wà lẹ́yìn, wọ́n di ìwé ọsibítù mú, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ yẹn ló dùn wá jù.

A pe ẹ̀gbọ́n wa ní Edmonton, ní Kánádà. Hybrid lòun náà ń wà, inú yìnyín ló sì ń wà á fún oṣù bíi márùn-ún lọ́dún. Ó ní, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́!" Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ iná kì í dúró kí ìyípo pọ̀ kó tó lágbára bíi ti ẹ́ńjìnnì epo, bẹ́ ẹ ṣe fẹsẹ̀ kàn án báyìí ni agbára ẹ̀ ti dé. Lórí yìnyín, agbára òjijì yẹn ló ń mú táyà yọ̀. Ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá dín agbára kù, kí ọkọ̀ má baà yà kúrò lọ́nà, kí ẹ̀rọ náà má sì bàjẹ́. Ó ní òtútù tún máa ń sọ bátìrì di ọ̀lẹ, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ ṣáá kí inú ọkọ̀ lè móoru, epo tí wọ́n ń ṣọ́ á sì máa lọ. Ó ní táyà yìnyín ló ń yọ òun níbẹ̀, kì í ṣe hybrid.

Ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ ni bàbá kan ládùúgbò, tí wọ́n ti wa lọ́rì rí, ti yọ sí wa pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Wọ́n ní ká gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà, wọ́n tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ síbẹ̀, wọ́n ní kí Màmá sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. A fẹsẹ̀ kàn án bí ẹni tẹ ẹyin. Àwọn ọ̀dọ́ tì í lẹ́yìn. Ọkọ̀ gun imọ̀ ọ̀pẹ, ó jáde. Edmonton àti Èsìẹ́ sọ ohun kan náà láìmọra.

A pẹ́ dé Ìlọrin, ṣùgbọ́n Màmá rí dókítà. Lálẹ́, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn: ká tà á, ká má tà á. Ẹni tó ń kọ software nínú wa ní ẹni tó kọ òfin inú kọ̀ǹpútà yẹn, pé tí táyà bá yọ̀ kí agbára dín kù, ò ṣèkà. Ọ̀nà tó mọ̀ ló kọ ọ́ fún. Ẹnu wa wọhò. Àwa náà ńkọ́? Títì Èkó la rò nígbà tá a ń ra ọkọ̀. Ọ̀nà tí Màmá ń rìn lójoojúmọ́, a ti gbàgbé bó ṣe rí.

A ò tà á. Fọganáísà kan ní Òmù-Àrán bá wa pààrọ̀ táyà tó ti dán sí èyí tójú ẹ̀ ṣì jìn. Tí ọyẹ́ bá dé, a máa ń nu eruku kúrò níbi tí fáànù bátìrì ti ń fa atẹ́gùn nítòsí ìjókòó ẹ̀yìn, torí ooru ni ọ̀tá bátìrì níbí. A kìlọ̀ fún rẹwáyà pé kó má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn: iná inú ẹ̀ lè pààyàn. A sì ra òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà ilé, Màmá fúnra wọn ló dúró ti àwọn tó ń dà á. Imọ̀ ọ̀pẹ méjì ṣì wà nínú búùtù. Wọ́n ní ká má yọ ọ́.