Àwọn Wo Ni A Wẹ̀ Mọ́?

Láti ilé-kéú ni mo ti ń gbọ́ ọ pé aláìláàlùwàlá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Àlùkùránì. Áyà 79 nínú Súrátù Wákíà ni àwọn àfáà fi ń ti òfin náà lẹ́yìn. Ní kíláàsì Lárúbáwá wa, ọ̀rẹ́ mi kan tí í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà kì í fọwọ́ kan ìwé náà. Èmi ni mo ń bá a ṣí i. Èyí ni ó mú mi tún áyà náà yẹ̀ wò.

Mutahharun ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀: àwọn tí a wẹ̀ mọ́. Àwọn tí ó wẹ ara wọn mọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì wà nínú Súrátù Bákárà, áyà 222. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onítumọ̀ àtijọ́ ṣe ní àwọn máláíkà ni, àti pé ìwé ti ọ̀run ni à ń wí. Malik (ó kú ní 795) kò gbà kí aláìmọ́ fọwọ́ kan ìwé náà rárá. Síbẹ̀, nínú Muwatta, ó fi áyà yìí wé ti Súrátù Abasa, níbi tí ìwé wà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé ọlọ́lá. Ọ̀wọ̀ ìwé náà ni ó di òfin rẹ̀ mú. Mo fara mọ́ ọn, n kò sì tíì pa àlùwàlá tì.

Ti Ghazali (ó kú ní 1111) ni ó bà mí lẹ́rù: ó ní bí awọ ìwé náà ti kọ ọwọ́ ẹlẹ́gbin, bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ kọ ọkàn ẹlẹ́gbin. Omi búútà kan tó fún ọwọ́. Kí ni àwa tí a ń kà á nítorí máàkì ìdánwò yóò fi fọ ọkàn?