Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Yàrá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ pé mo ní sítúdíò, ẹ má ṣe rò pé ọlọ́rọ̀ ni mí. Yàrá kan ṣoṣo tí mo ń sùn ni sítúdíò náà: kọ̀ǹpútà kan, máìkì kan, àti aṣọ tó nípọn tí mo fi kọ́ ara ògiri. Aṣọ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ohùn tó bá jáde lẹ́nu ènìyàn a máa lu ògiri, a sì tún padà wá bá máìkì. Aṣọ ni í gbé e mì. Àwọn kan a máa lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n páálí náà fúyẹ́ jù.

Èdè ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Lálẹ́, mo ń gba orin àwọn ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ láti fi rí owó oúnjẹ. Nígbà tí ìyá àgbà mi wá tọ́jú ojú wọn ní ìlú tí mo wà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ki oríkì ìdílé wa fún mi, nítorí àwọn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. A dúró títí àwọn aládùúgbò fi pa jẹnẹrétọ̀ wọn. Mo gbé máìkì sí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ẹnu wọn, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí wọn má baà fẹ́ lù ú, mo sì rí i pé ibi tí wọ́n ti kígbe jù kò dé òpin ìwọ̀n, ó fi bíi 12 dB kù. Ohùn tó bá ti kọjá òpin ti fọ́ nìyẹn.

Títí dé ibẹ̀, n kò ṣìṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo hùwà òmùgọ̀. Mo fẹ́ kí ohùn wọn bá orin kan tí mo ṣe mu, mo bá kó o sínú Auto-Tune. Andy Hildebrand ló ṣe é, ó jáde ní 1997. Ọkùnrin náà ti fi ìmọ̀ ìró ṣiṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ rí. Ohùn tó bá yà díẹ̀ kúrò lórí àmì orin, Auto-Tune yóò fà á lọ sórí àmì tó súnmọ́ ọn jù. Ẹ wo ewu rẹ̀ fún Yorùbá! Ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu wa kì í fò sókè lójijì. A máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ka gígòkè yìí sí àṣìṣe, ó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Mo gbé e sétí Ìyá àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, “Àjàní, ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Èmi kọ́. Ìlú ni mo wí, ìlù ni eléyìí ń wí.”

Ojú tì mí. Ìwé tí T. K. Ekundayo Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, tẹ̀ jáde ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá ṣe so pọ̀, mo ti kà á, mo ti fi dáhùn ìdánwò, mo sì ti fi àwọn tó fi ohùn orin òyìnbó lọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn nínú ìwé orin ṣe yẹ̀yẹ́!

Èyí tó burú jù ni pé orí fáìlì àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti ṣiṣẹ́ náà, tí mo sì tọ́jú àtúnṣe lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú sítúdíò báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un kì, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, ilé ni àwọn ń lọ lọ́la.

Lẹ́yìn oṣù méjì mo gbé máìkì tọ̀ wọ́n lọ sí abúlé. Wọ́n kì í. Ewúrẹ́ ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ìlà méjì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìlà méjèèjì wà nínú èyí tí mo bàjẹ́, àmọ́ orúkọ bàbá ńlá wa kan wà níbẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ohùn òkè ló parí rẹ̀ tàbí ti ìsàlẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, yóò sọ sí àwọn lọ́kàn. Mo tún ń lọ sọ́dọ̀ wọn ní Sátidé tó ń bọ̀.